Ọláṣùmbọ̀ àti Ẹ̀wà tó Jí Àwọn Ọmọ Ogun Ẹ̀jẹ̀

Ọwọ́ Ọláṣùmbọ̀ Gbádérọ̀ kì í gbọ̀n. Ohun tí gbogbo ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ ń sọ nípa rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fún un ní ìgò tín-ín-rín tó kún dé ẹnu, tí ẹ ní kó gbé e láti orí tábìlì kan dé òmíràn, ẹ̀kán kan ṣoṣo kò ní í ta sílẹ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló gbọ́njú sí. Nígbà tó jáde ìwé mọ́dà, iṣẹ́ ìgò fífọ̀ ló kọ́kọ́ rí ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, ọdún mẹ́ta gbáko ló sì fi fọ ìgò. Bó ti ń fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń yọjú wo àwọn ọ̀gá nídìí maikirosikóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíńtín di ńlá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan bi í pé kí ló ń wá gan-an.

Ó ní, "Sà, mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń rí tí ẹ fi ń mirí."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó sún kúrò lórí àga, ó ní kó wá wò. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn rẹ̀ ti kúrò lára ìgò. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn aṣàyẹ̀wò, ó gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tó fi máa di ọdún 1987 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó ti fẹ́ Ọlábọ̀dé tó ń tún fíríìjì ṣe ní Dùgbẹ̀, ó ti bí Yéjídé, ilé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Agbowó, òun sì ni igi lẹ́yìn ọgbà yàrá ìwádìí kékeré kan ní Bódìjà.

Dókítà Olúsọjí Akínsànyà ló dá yàrá ìwádìí náà sílẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ó ga, ó tínrin, kì í sì lè jókòó sójú kan bó bá ń sọ ohun tó dùn mọ́ ọn. Àpótí méjì ló gbé wálé. Aṣọ wà nínú ọ̀kan, ìwé wà nínú èkejì, ti ìwé ló sì wúwo jù.

Ní àkókò náà, rédíò ti ń dárúkọ àrùn éèdì, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ará Ìbàdàn kò tíì kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní irọ́ òyìnbó ni. Àwọn kan ní àrùn àwọn tó ń rìnrìn àjò ni. Àwọn kan kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ nítòsí oúnjẹ wọn. Dókítà ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ mìíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó já wọ yàrá ìwádìí tòun ti ìwé kan lọ́wọ́, kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù.

"Ìyá Yéjídé, ẹ fi ìgò yẹn sílẹ̀. Ẹ wá gbọ́ nǹkan!"

Ọláṣùmbọ̀ nu ọwọ́, ó jókòó.

"Ẹ mọ àwọn ọmọ ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀."

"Mo mọ̀ wọ́n, sà. Ojoojúmọ́ ni mò ń kà wọ́n."

"Ẹ̀yà kan wà nínú wọn tí kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ jà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó pe àwọn yòókù sójú ìjà. Bó bá dákẹ́, gbogbo ogun dákẹ́ nìyẹn. Òun gan-an ni kòkòrò éèdì ń pa. Kòkòrò náà á fo àwọn tó kù dá, á lọ bá òun. Kí ló fà á?"

Ọláṣùmbọ̀ ronú díẹ̀. "Bóyá òun nìkan ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, sà."

Dókítà pàtẹ́wọ́. "Ẹ ṣeun! Nǹkan kan wà lára rẹ̀ níta tí wọ́n ń pè ní T4. Ó wà lára ohun tí ẹ̀yà yẹn fi ń gbọ́ bí wọ́n bá ń pè é. Ẹ wò ó bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ké 'àgò onílé'. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohùn náà kò dúró síbẹ̀. Ó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, láti ẹnu dé ẹnu, títí dé yàrá tí baálé ilé wà, baálé á sì dìde. Kòkòrò yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń ké àgò létí T4. Wọ́n á ní 'àgò yà' fún un, á wọlé."

"T4 yẹn nìkan tó fún un, sà?"

Dókítà dúró, ó wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Kò tó o! Ẹ̀yin náà ti rí ibi tó ti rú àwọn ọ̀gá wa lójú. Àwọn kan ti fi T4 èèyàn sára ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ eku. Kòkòrò náà dì í mú dáadáa, kò rí ọ̀nà wọlé. Nǹkan mìíràn ṣì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni láyé yìí kò tíì mọ̀."

Gbogbo ọdún tí Ọláṣùmbọ̀ fi ń ka àwọn ọmọ ogun funfun, kíkà náà ló ń kà wọ́n: mélòó ló wà, mélòó ló ṣẹ́kù. Kò wá sí i lọ́kàn rí láti béèrè bóyá wọ́n ń gbọ́ràn. Ohun tí Dókítà sì fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn náà ti mú, àwọn ọmọ ogun tí kòkòrò kò tíì pa, ṣé wọ́n ṣì ń gbọ́ ìpè? Bí a bá pè wọ́n, ṣé wọn yóò dìde?

Ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n fi ń pè wọ́n, láti òkè òkun ló ti ń wá. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ omi, tí wọ́n kán an sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kó wà nínú ooru tó bá ti ara èèyàn dọ́gba fún ọjọ́ mẹ́ta, á di mọ́ ara àwọn ọmọ ogun funfun níta, ìpè á wọlé lọ, ọmọ ogun tó ti ń sùn á sì wú, á pín ara rẹ̀ sí méjì bí ẹni ń múra ogun. Dókítà ti ránṣẹ́ ra ìyẹ̀fun náà láti ìgbà tó ti dé. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ní kó wá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ńlá kan ní Ring Road, nínú oṣù kẹfà.

Ìyẹ̀fun dé ní ìparí oṣù kẹta. Ọláṣùmbọ̀ fúnra rẹ̀ ló tú páálí rẹ̀. Ìgò ti fọ́ sínú rẹ̀, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun ti dì gbagidi, ó sì ti bu funfun. Dókítà wò ó. Ó fa àga, ó jókòó, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí Ọláṣùmbọ̀ máa rí i kó jókòó pẹ́.

"Oṣù mẹ́rin kí òmíràn tó dé," ó ní. "Ìpàdé á ti kọjá."

Ọláṣùmbọ̀ ń kó àfọ́kù ìgò sínú agolo. "Sà, kí ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹ̀fun yìí lọ́hùn-ún?"

"Ẹ̀wà pupa wọn kan ni."

Ọwọ́ Ọláṣùmbọ̀ dúró. "Ẹ̀wà kẹ̀?"

"Ẹ̀wà ni. Èyí tí wọn kò tíì sè. Bó bá ti jinná, agbára rẹ̀ á lọ."

"Sà, ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ?"

"Èyí tí wọ́n ń jẹ, Ìyá Yéjídé. Ṣùgbọ́n irú tiwọn kò sí ní..."

Ọláṣùmbọ̀ kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Ọláṣùmbọ̀ kì í fi pọ̀pọ̀ǹdó, ẹ̀wà pẹlẹbẹ kan, ṣeré nígbà tó wà láyé. Bó bá gbé e kaná, tó hó lẹ́ẹ̀kíní, á da omi náà nù; tó hó lẹ́ẹ̀kejì, á tún dà á nù. Ọmọ tó bá tọ́ ọ wò kó tó jinná, èébì ni yóò fi ọjọ́ náà bì. "Sà," ni Ọláṣùmbọ̀ wí, "ẹ̀wà tó lè bá ìfun èèyàn jà bẹ́ẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń di ara mú. Ẹ jẹ́ kí n dé ọjà."

Ọjà Bódìjà kò jìnnà síbẹ̀. Ó bá Àmúdàtù lórí ìsọ̀ rẹ̀, obìnrin kan tó mọ ẹ̀wà bí àwọn aláṣọ ṣe ń mọ aṣọ. Ó ní kó wọn oríṣiríṣi fún òun, díẹ̀díẹ̀: ẹ̀wà funfun, òtílí, sèsé, àti pọ̀pọ̀ǹdó.

Àmúdàtù ní, "Ẹ fẹ́ sè wọ́n pọ̀ ni?"

"N kò ní í sè wọ́n rárá."

"Háà! Ẹ má jẹ pọ̀pọ̀ǹdó tútù o, Ìyá Yéjídé. Ó máa bá yín jà."

"Ìyẹn gan-an ni mo ń wá," ni Ọláṣùmbọ̀ wí, ó ti ń sáré lọ.

Ó lọ ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀, ó gbé e sínú fíríìjì, ó sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú bébà asẹ́. Omi tó kù mọ́ gaara bí omi òjò. Láti mọ̀ bóyá agbára kankan wà nínú rẹ̀, ó gún ìka ara rẹ̀, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí àwo funfun, ó kán omi ẹ̀wà sí i, ó mì ín. Bí ohun kan bá wà nínú omi náà tó lè di ara mú, ẹ̀jẹ̀ á ṣù. Kò ṣù. Ẹ̀wà funfun, rárá. Òtílí, rárá. Sèsé, rárá. Nígbà tí pọ̀pọ̀ǹdó pàápàá kò ṣe nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Dókítà ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà na ìka. "Ẹ gún tèmi."

"Sà, ẹ̀jẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀."

"Ọ̀wọ́ O ni tiyín. A ni tèmi. Ẹ gún un."

Ó gún un. Ó kán omi pọ̀pọ̀ǹdó sí i, ó mì ín lẹ́ẹ̀kan. Kó tó mì ín lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ náà ti ṣù kókó kókó lójú àwo bí ògì tí iná jẹ. Àwọn méjèèjì tẹ̀ síwájú pọ̀, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlura.

"Ó dì í mú," ni Dókítà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé ariwo lè tú u ká.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣù kò túmọ̀ sí pé àwọn funfun á jí. Ìyẹn gba ọjọ́ mẹ́ta nínú ooru. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọláṣùmbọ̀ ya àwọn ọmọ ogun funfun sọ́tọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ àti ti Dókítà. Ó pín wọn sínú ìgò kéékèèké mẹ́fà. Mẹ́rin gba omi pọ̀pọ̀ǹdó, méjì kò gbà á, kí wọ́n lè rí ìyàtọ̀. Ó dé wọn pinpin, ó gbé wọn sínú àpótí tó ń móoru. Wákàtí méjì kò pé, Nẹ́pà mú iná lọ.

Wọ́n dúró títí. Iná kò dé. Alágbàṣe kan tó ń kọjá ní òpó kan ti wó lọ́nà Sáńgò, kò dájú pé iná á dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Dókítà ki ọwọ́ bọ inú àpótí, ó fà á jáde. "Ó ti ń tutù."

Ọláṣùmbọ̀ ń wo ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. "Sà, mélòó ni ẹ ní kí ooru àpótí yìí jẹ́?"

"Mẹ́tàdínlógójì."

"Tí ẹ bá fi tẹmómítà sábẹ́ ahọ́n ẹni tí ara rẹ̀ dá, mélòó ló ń fi hàn?"

"Mẹ́tàdínlógójì."

"Yéjídé ti kúrò lẹ́yìn tipẹ́," ni Ọláṣùmbọ̀ wí, "ṣùgbọ́n ọ̀já ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Ó fi òwú wé àwọn ìgò, ó tò wọ́n sí ikùn, ó fi ọ̀já gbà wọ́n mọ́ra lábẹ́ bùbá. Kó tó jáde, Dókítà dá a dúró, ojú rẹ̀ le. "Ẹ̀jẹ̀ wa ni mo ṣe gbà. Bó bá jẹ́ ti aláìsàn ni, n kò ní í gbà fún yín láéláé."

"Bó bá jẹ́ ti aláìsàn ni, èmi náà kò ní í dá a lábàá, sà."

Nígbà tó délé, Ọlábọ̀dé ń fọ ọwọ́ òróró. Ó wo ìyàwó rẹ̀ sókè sódò. "Ìyá Yéjídé, kí lo gbé sínú?"

"Ẹ̀jẹ̀ Dókítà."

Ọlábọ̀dé jókòó. Ọláṣùmbọ̀ ní láti ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tó yé e, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbà á lọ́wọ́ aṣọ fífọ̀ àti omi pípọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yìn ni Ọláṣùmbọ̀ fi sùn, ìrọ̀rí lọ́tùn-ún lósì, kò yí padà.

Ìṣòro dé lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ ní Agbowó, aṣọ funfun gbọọrọ ni wọ́n sì ń wọ̀. Nígbà tí gbogbo ìjọ dojúbolẹ̀, Ọláṣùmbọ̀ nìkan ló wà lórí ìkúnlẹ̀ tó dúró ṣánṣán. Ìyá Ìjọ, Màmá Láwùmí, gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì lọ tààrà síbi tí aṣọ ti yọ níwájú. Ọdún mọ́kànlá ni Yéjídé ti wà láìní àbúrò. Bí ìsìn ti ń parí ni Màmá Láwùmí dì mọ́ ọn.

"Ọláṣùmbọ̀! Olúwa ti ṣe é!"

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ rọra! Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ Olúwa mà ni o!"

"Rárá mà, iṣẹ́ ọ́fíìsì."

Kó tó fà á sẹ́yìn ilé ìjọsìn láti tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, obìnrin mẹ́jọ ti kí i kú oríire. Màmá Láwùmí gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fọwọ́ kan àwọn ìgò náà látorí aṣọ. Ó wá ní, "Bó bá jẹ́ nítorí àwọn aláìsàn ni, èmi náà á gbàdúrà sí i." Ó sì gbàdúrà fún ìgò mẹ́fà lórí ìdúró, ó ní kí ohun tó ń sùn nínú wọn jí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọláṣùmbọ̀ wọ takisí dé Bódìjà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn mọ́ra níbi gbogbo kòtò. Dókítà ti ń dúró lẹ́nu géètì. Iná ti dé. Ìgò tí kò gba pọ̀pọ̀ǹdó ni Ọláṣùmbọ̀ kọ́kọ́ fi maikirosikóòpù wò. Àwọn ọmọ ogun funfun wà níbẹ̀, kéékèèké, róbótó, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n sùn. Ó mú ìkejì, èyí tó gbà á. Ó gbé ojú sí i.

Wọ́n ti wú ju ìlọ́po méjì lọ. Wọ́n ti ṣùjọ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ lójú omi. Ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ti fà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, ó ń pín sí méjì. Ẹ̀wà tí Àmúdàtù wọ̀n nínú agolo ti ké àgò lára wọn, wọ́n sì ti dáhùn.

"Wọ́n ti jí!" Ó dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Dókítà, wọ́n ti jí!"

Dókítà fi ìgbọ̀nwọ́ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò ó, òun náà pariwo. Bàbá ọlọ́dẹ sáré wọlé pẹ̀lú bákẹ́ẹ̀tì yanrìn, ó rò pé ilé ń jó. Ó bá ọ̀gá méjì tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọ́n ń fò sókè bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọlábọ̀dé ti Dùgbẹ̀ wá, ó so àpótí tó ń móoru náà mọ́ bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù méjì, kí Nẹ́pà má baà dá iṣẹ́ dúró mọ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó lè pe àwọn aláìsàn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá ni Adéṣọlá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Onírèké. Ó ti rù, ikọ́ kan sì wà lára rẹ̀ tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Dókítà ti sọ fún un láti oṣù kejì pé éèdì ni. Kò bi í ibi tó ti kó o, Ọláṣùmbọ̀ náà kò bi í. Ó wọ ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ kò sún sẹ́yìn nígbà tí mo jókòó, mà," ni Adéṣọlá wí.

"Níbo ni mo fẹ́ sún sí? Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe."

Lọ́jọ́ kẹta, Ọláṣùmbọ̀ kà á. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun, bí ọgọ́ta ló ń jí. Nínú ti Adéṣọlá, mẹ́sàn-án ni. Kì í ṣe pé kòkòrò ti pa àwọn apèsógun nìkan. Àwọn tó ṣẹ́kù pàápàá kò gbọ́ mọ́. Pọ̀pọ̀ǹdó ké àgò, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìdáhùn tí Dókítà ń wá rèé, ó hàn kedere, ọkàn Ọláṣùmbọ̀ sì fò sókè bíi tọjọ́ Ajé yẹn. Ó rántí pé ẹ̀jẹ̀ ẹni kan ni. Ojú tì í. Ó sì bá Adéṣọlá níta lórí bẹ́ǹṣì, kò mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀.

Adéṣọlá ti rí ojú rẹ̀. "Ẹ ti rí nǹkan kan, mà."

"A ti rí i."

"Ṣé mo lè wò ó?"

Ó mú un wọlé, ó fi ẹ̀jẹ̀ Dókítà hàn án, ó fi ti Adéṣọlá fúnra rẹ̀ hàn án. Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, kò sunkún. "Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n fi nǹkan ṣe mí ni. Ìyá mi ní èpè ni. Ọdún kan ni mo fi ń wá ẹni tó máa fi ohun tó ń ṣe mí gan-an hàn mí. Ẹ má bojú jẹ́ nítorí mi, mà. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa."

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ títí di ọ̀sán. Dókítà sọ èyí tó mọ̀, ó sì sọ èyí tí kò mọ̀. Ó ní àwọn ìwé tuntun ń sọ pé bí ọmọ ogun bá jí láti bá àìsàn mìíràn jà, kòkòrò tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ náà ń bá a jí, á máa bí sí i. "Kò tíì dájú délẹ̀délẹ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n bí ibà bá mú yín, ẹ má dúró. Bí ikọ́ bá dé, ẹ wá lọ́jọ́ náà. Ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun máa jí wọn lásán."

"Ìyẹn mo lè ṣe," ni Adéṣọlá wí. Ó gbé ara rẹ̀ ró. Ó wo ìdì ìwé ìkọ̀wé tó wà lórí tábìlì, tí Dókítà fi ọwọ́ kọ wúruwùru. "Ta ló máa bá yín tẹ èyí, sà? Ẹni kankan kò lè kà á bẹ́ẹ̀."

Òun ló tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú èsì tirẹ̀ àti ti àwọn mẹ́rin mìíràn tó gbà kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ wọn. Kò fi orúkọ aláìsàn kankan síbẹ̀. Lókè ìwé, lábẹ́ orúkọ Dókítà, ó tẹ Ọ. Gbádérọ̀, gẹ́gẹ́ bí Dókítà ṣe ní kó tẹ̀ ẹ́, ó sì fà á nílà.

Ọjọ́ ìpàdé pé ní Ring Road. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, táì ló wà lọ́rùn gbogbo ọkùnrin. Dókítà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó wá ní kí Ìyáàfin Gbádérọ̀ wá sọ bí wọ́n ṣe rí ohun tí wọ́n fi rọ́pò ìyẹ̀fun. Kò tíì dárúkọ ẹ̀wà náà tán nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan ní ìlà iwájú rẹ́rìn-ín.

"Pọ̀pọ̀ǹdó? Pọ̀pọ̀ǹdó inú ìkòkò?"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Ọláṣùmbọ̀ ti wà nínú báàgì. Ó mú àwo funfun jáde, àti ìgò kékeré kan.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọ̀wọ́ ẹ̀jẹ̀ wo lẹ jẹ́?"

"A."

"Ṣé ẹ lè fún mi ní ẹ̀kán kan, sà?"

Ẹ̀rín pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àgbàlagbà náà na ìka. Ọláṣùmbọ̀ gún un pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tuntun, ó kán ti ọ̀jọ̀gbọ́n sí apá kan, ó fi abẹ́rẹ́ mìíràn gún ara rẹ̀, ó kán tirẹ̀ sí apá kejì. Ó fi omi pọ̀pọ̀ǹdó sí méjèèjì, ó gbé àwo náà síwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní kó mì ín fúnra rẹ̀. Ó mì ín. Ti Ọláṣùmbọ̀ ń ṣàn. Ti ọ̀jọ̀gbọ́n ṣù kókó lójú gbogbo ayé.

Ẹ̀rín dákẹ́. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn èèyàn ń dìde, táì ń já wọnú ara wọn níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ wo àwo. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò kúrò nídìí rẹ̀. "Ó ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀! Ó mọ ẹni tó ń dì mú!" Ó yíjú sí i. "Ọmọ mi, níbo lo ti kọ́ iṣẹ́ yìí?"

"Ìgò ni mo fọ̀ débẹ̀, sà."

Ìbéèrè ló wá rọ́ lù ú. Báwo ló ṣe ń rẹ ẹ́? Ọjọ́ mélòó ló ń lò nínú fíríìjì? Ṣé mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún náà ló jí lára aláìsàn kọ̀ọ̀kan? Ó dáhùn títí ohùn rẹ̀ fi há, ó fi àwòrán àwọn ọmọ ogun tó jí àti ti àwọn tí kò jí hàn wọ́n, nígbà tó fi máa jókòó, èèyàn mẹ́fà ti kọ àdírẹ́sì sílẹ̀ fún un pé kó fi ìgò kan ránṣẹ́ sí àwọn. Dókítà ń rìn káàkiri lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kò lè jókòó.

Ìwé náà jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Yàrá ìwádìí kò tóbi sí i, Nẹ́pà kò sì yí padà, ṣùgbọ́n àwọn aṣàyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ìlọrin àti Abẹ́òkúta wá jókòó ti Ọláṣùmbọ̀ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀. Adéṣọlá ṣì ń tẹ̀wé ní Onírèké. Ibà mú un lẹ́ẹ̀kan lọ́dún 1988, ó sì dùbúlẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an ló wá, ó sì dìde. Gbogbo oṣù ló ń wá fún àyẹ̀wò, á sì béèrè ohun tuntun tí ìwé ń sọ kó tó béèrè nípa ara rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, lẹ́tà kan dé láti Ifẹ̀ pé kí Ìyáàfin Ọláṣùmbọ̀ Gbádérọ̀ wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aṣàyẹ̀wò fún ọjọ́ márùn-ún. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Yéjídé kà á sókè fún bàbá rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò náà, Ọlábọ̀dé gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ dé gáréèjì Gate, ó ń dárúkọ gbogbo ohun tó lè gbàgbé, Ọláṣùmbọ̀ kò sì gbọ́ ọ̀kankan, torí ó ti ń sọ lábẹ́nu ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Ifẹ̀ ku ẹnìkan!" ni awakọ̀ ń ké. "Ifẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo!"

"Èmi nìyẹn!" ni Ọláṣùmbọ̀ dáhùn, ó sì sáré lọ wọlé.